Ẹ Gbé Fóònù Yín Sórí Tábìlì

Bàbá télọ̀ ti wọn èjìká mi, ó ti wọn àyà, ó ti wọn apá, ó ti wọn itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo rò pé ó ti parí, mo sì ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi. Ó fi tépù kọ́ ọrùn, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Ẹ gbé fóònù yín sórí tábìlì.”

Mo ṣebí nọ́ńbà mi ló fẹ́ gbà. Kò gba nọ́ńbà kankan. Ó gbé fóònù náà lé orí bébà tí wọ́n gé lára àpò sìmẹ́ńtì, ó mú bírò, ó sì fa ìlà yí i ká bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń fa ìlà yí ọwọ́ ara rẹ̀ ká. Ó gbé fóònù kúrò, ó wọn àwòrán tó kù sílẹ̀: íńṣì 6½ ní gígùn, íńṣì 3 ní ìbú. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù fúnra rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an, bí ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń fi ọwọ́ mọ ìwọ̀n ẹja. Ó ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ó wá orúkọ mi, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ibi tó kọ orúnkún sí: “Fóònù: ńlá. Ó wúwo.”

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Ọ̀fà, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà Ọwọ́dé, yàrá kan tí kò fẹ̀ ju ibi tí mọ́tò kan lè sùn sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ wíìfù kan tó ń dúró de iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta, àti fèrèsé kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà bọ́ sórí ọwọ́ ẹni tó ń rán. Ìgbéyàwó kan nínú ẹbí wa ló gbé mi débẹ̀; a ti ra aṣọ ẹbí, ó ku ẹni tí yóò rán an. Ṣùgbọ́n mo tún mú ṣòkòtò àtijọ́ kan dání, èyí tí wọ́n rán fún mi níbòmíràn, tó sì ti fi mí ṣẹ̀sín. Mo gun ọ̀kadà nínú rẹ̀ láti gáréèjì, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ àpò mi ti ṣófo. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ló bá mi ṣa fóònù nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá.

Bàbá télọ̀ kò bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó yí ṣòkòtò náà sódì, ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó fi ìka tọ ìdí àpò náà kiri, ó ní, “Àpò owó ni wọ́n rán fún yín. Ẹ̀yin wá lọ ki bíríkì bọ̀ ọ́.”

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé kúrò lọ́jọ́ náà, kò sì tíì kúrò lára mi. Owó bébà kì í bá ara jà. Bí ẹ bá jókòó, ó ká. Bí ẹ bá dìde, ó nà. Fóònù kì í ká, kì í nà. Bí ó ṣe rí lórí tábìlì náà ló ṣe rí lórí itan, ẹran ara àti aṣọ ló gbọ́dọ̀ yà fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé télọ̀ ló ń pinnu bí ṣòkòtò yóò ṣe rí kò tíì wo ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí à ń gbé kiri ló ń rán aṣọ fún wa. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ ni ó ń gbọ́ ohun tí ẹrù náà ń wí.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, a sì mọ ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọni lọ́jọ̀: ọrùn aṣọ, iṣẹ́ ọnà àyà, bí ìṣẹ́tí ṣe tọ́. Kò sẹ́ni tó ń yí ṣòkòtò àlejò sódì kó wo àpò. Èmi yí i sódì. Mo jókòó lórí àga pákó, mo wo bí bàbá yẹn ṣe rán àpò kan ṣoṣo. Ó gbà á tó wákàtí kan. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ tó dàgbà jù lè rán àpò lásán ní ìṣẹ́jú 10.

Aṣọ àpò ló kọ́kọ́ wá. Kò gé e lára aṣọ ẹbí, kò sì fọwọ́ kan láínì tó ń dán lórí pẹpẹ. “Ara fóònù ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀,” ó ní. “Bí àpò náà bá tún ń yọ̀, ta ló máa di èkejì mú?” Ó fa àpò ìrẹsì kan jáde lábẹ́ tábìlì, gbogbo àjákù aṣọ tó ti gé láti ọdún mélòó kan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Níbí ni mo ti rí i pé àkísà àgbà náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó yọ òwú funfun kan tó ti di fífọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò ní súnkì mọ́, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó dì mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Ìyẹn ló ń wá.

Lẹ́yìn èyí ló gé e, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ohun tó ba ṣòkòtò tèmi jẹ́. Àpò tèmi rọ̀ mọ́ ojú rírán ẹ̀gbẹ́ nìkan. Nígbà tí fóònù bá wà nínú rẹ̀, ojú rírán yẹn ló ń gbé gbogbo ẹrù, ó ń fa aṣọ sísàlẹ̀, ṣòkòtò ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, rọ́bà ìbàdí náà ń bá a lọ. Bàbá télọ̀ gé tirẹ̀ gùn débi tí òkè rẹ̀ fi kan ìbàdí ṣòkòtò, níbi tí rọ́bà àti okùn ń gbà. Ó rán an pọ̀ mọ́ ibẹ̀, ó sì fà á lẹ́ẹ̀mejì láti dán an wò. “Bí ẹ bá fẹ́ fi hámọ́ọ̀kì kọ́,” ó ní, “ṣé ara kọ́tìnnì lẹ máa so ó mọ́ ni, àbí ara òpó?” Okùn ìbàdí ni òpó. Láti ìgbà yẹn, fóònù kò rọ̀ mọ́ aṣọ mọ́, ara ènìyàn ni ó rọ̀ mọ́.

Ẹnu àpò ló gbà á lákòókò jù. Ó ní kí n ki ọwọ́ sí i; ọwọ́ mi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó mi orí. Ó ní kí n di fóònù mú, kí n wá fi ìkúùkù yẹn jáde. Eegun ọwọ́ mi há. “Ọwọ́ tó ń wọlé, ọwọ́ lásán ni,” ó ní. “Ọwọ́ tó ń jáde ló gbẹ́rù.” Ó fi ìdajì íńṣì kún ẹnu náà, ó lẹ aṣọ líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn télọ̀ ń pè ní stay mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, kí ẹnu àpò má baà máa là bí ẹnu adìẹ tí oòrùn mú. Lókè àti nísàlẹ̀ ẹnu náà, ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dè é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀fà ni a wà, ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò fún. Ìjàkadì ni fóònù sì ń bá aṣọ jà lójoojúmọ́, igun ẹnu àpò ni ó ti ń wá ibi tí yóò ti gbé e ṣubú.

Ìdí àpò ńkọ́? Kò gé e ní igun mẹ́rin. Ó gé e róbótó bí ìdí igbá, nítorí pé igun fóònù máa ń bọ́ sínú igun àpò, á máa gbẹ́ ibẹ̀ bí eku títí yóò fi lu síta. Ó rán an lẹ́ẹ̀kan, ó yí i padà, ó tún un rán, tó fi jẹ́ pé etí aṣọ tó lè tú ti di ohun tí wọ́n sé mọ́ àárín ìrán méjì. Ní àpò ọwọ́ òsì, ó tún rán àpò kékeré kan mọ́ inú ńlá. “Kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ àti ojú fóònù kì í sùn sórí ẹní kan náà.”

Ẹ má jẹ́ ká rò pé fóònù ló kọ́kọ́ kọ́ aránṣọ Yorùbá ní irú ìrònú yìí. Nígbà tí owó ẹyọ jẹ́ owó, 20,000 rẹ̀ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ náà sì ni orúkọ àpò tí wọ́n ń kó o sí: ẹrù ni owó, àpò ni orúkọ ẹrù. A kò tíì jáwọ́ níbẹ̀ títí di òní. Ìyá ọlọ́jà tó bá ní ọjà òun jẹ́ àpò márùn-ún, ₦1,000 ló wí, nítorí pé £100 ni àpò kan tẹ́lẹ̀, tó di ₦200 nígbà tí a pààrọ̀ owó ní 1973. Aṣọ gbérí ọdẹ kún fún àpò kéékèèké nítorí ohun tí ọdẹ ń kó wọ igbó. Làbà, àpò awọ tí onísàngó ń gbé kọ́ èjìká, ẹdùn àrá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ti gbé òkúta rí mọ ìdí tí kò fi lè jẹ́ aṣọ. Agbádá náà ní àpò ńlá kan láyà òsì, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún yóò ti bá a láìjìjàdù, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọnà yí i ká débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin ọnà náà láìrántí pé àpò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn Hausa tilẹ̀ ń pe àpò ní aljihu, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lò fún iṣẹ́ ọnà tó bo àyà aṣọ.

Ní 1908 ni ojú irin láti Èkó kọjá Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, ó dé Ìlọrin. Rélùwéè dé pẹ̀lú aago, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹni tó ń wo oòrùn. Àwọn òyìnbó ti ń gbé aago sápò nígbà náà. Àpò kékeré tí ẹ ń rí nínú àpò ọ̀tún ṣòkòtò jíǹsì, tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn léèrè ohun tó wà fún, aago ni ilé iṣẹ́ Levi Strauss fi í sí fún ní àwọn ọdún 1870. Aago ti bọ́ sí ọrùn ọwọ́ láti ìgbà ogun àgbáyé kìíní, àpò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ kì í tètè gbàgbé ohun tó ti gbé rí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun èlò náà ló máa ń ṣáájú aṣọ. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Sony ní Japan ṣe rédíò kékeré kan tí wọ́n fẹ́ máa polówó pé ó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ó tóbi díẹ̀ ju àpò ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Sony sílẹ̀, sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n kò dín rédíò kù: ṣẹ́ẹ̀tì tí àpò rẹ̀ fẹ̀ ni wọ́n rán fún àwọn tó ń tà á. Mo sọ ìtàn yìí fún bàbá télọ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá. “Ta ló rán ṣẹ́ẹ̀tì náà?” ni ìbéèrè rẹ̀.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí Econet àti MTN tan GSM sí wa. Ẹni tó ní fóònù nígbà náà kò fẹ́ fi í pamọ́ sápò. Ó fẹ́ ká rí i. Ayé àpò awọ kékeré lára bẹ́líìtì nìyẹn, àti ti okùn tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn bí aláṣẹ. Nokia 3310, tí gbogbo ayé mọ̀, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 11.3 lọ, gíráàmù 133 sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ó ki, ṣùgbọ́n ó kúrú, àpò owó gbà á. Lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tí ẹni kan ń gbé fóònù méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ọ̀nà. Àpò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá di dandan. Nígbà tí fóònù onísíìmù méjì tí Tecno ń kó wá gba ọjà, ẹrù dín sí ọ̀kan, àmọ́ ọ̀kan yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Bàbá télọ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn mí nínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní oníbàárà kan tó ti ń rán aṣọ fún láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ojú ìwé àtijọ́ kan: itan, ìbàdí, gígùn, fóònù íńṣì 4½. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà: itan kan náà, ìbàdí kan náà, fóònù íńṣì 5. Ojú ìwé tuntun: itan kò yẹ̀, ìbàdí fi íńṣì kan lé, fóònù íńṣì 6½. “Ọkùnrin náà ti dàgbà tán tipẹ́,” ó ní. “Fóònù rẹ̀ ni ó ṣì wà lọ́mọdé.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó tuntun wọ́n tí bébà owó di ohun tí à ń tò sí báńkì fún láti òwúrọ̀, fóònù gba iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ àpò. Ẹni tó ń ra ata ń fi fóònù sanwó, ẹni tó ń ta ata ń fi fóònù wò ó bóyá álẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Télọ̀ tó ń rán àpò lọ́dún náà mọ̀ pé àpò owó àti àpò fóònù ti di àpò kan.

Ní ìdajì kejì ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọmọbìnrin bàbá náà ló ń rán tàwọn obìnrin. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ le ju ti bàbá rẹ̀ lọ, nítorí pé ìró àti bùbá kò ní àpò láti ìpìlẹ̀. Ìdí ìró ni ìyá wa ń ká owó sí, kọ́mú ni fóònù ń wọ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2018, àwọn oníròyìn The Pudding ní Amẹ́ríkà wọn ṣòkòtò jíǹsì 80, wọ́n rí i pé àpò iwájú tàwọn obìnrin fi ìdá 48 nínú 100 kúrú sí tàwọn ọkùnrin. Àlíhájà kan wọlé nígbà tí mo wà níbẹ̀, ó gbé àǹkárá wá fún bùbú.

“Ẹ̀yin Àlíhájà, ṣé kí n fi àpò sí i?” ni Àǹtí bi í.

“Àpò kẹ̀? Ṣé èmi ni agbérò ni?”

“Fóònù yín ńkọ́, mà?”

Àlíhájà fi ọwọ́ kan àyà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ó dún lánàá nígbà tí a wà lórí ìrun. Kí n tó rí i yọ, gbogbo ìlà ti gbọ́ ohùn Wàsíù.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Fi sí i. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i o.”

Ohun tí mo rí Àǹtí ṣe sí bùbú yẹn ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò ní ìrònú. Bùbú fẹ̀, kò ní ìbàdí, kò sí òpó tí àpò lè gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá rán àpò mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lásán, tí ẹ wá fi fóònù sí i, ọrùn aṣọ á ṣí lọ sí apá kan, èjìká kejì á yọ síta. Àǹtí mú okùn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nà, ó rán ìdí rẹ̀ mọ́ òkè àpò, ó fà á gba inú aṣọ lọ sókè, ó sì rán orí rẹ̀ mọ́ ojú rírán èjìká. Láti òde, ẹ kò rí nǹkan kan ju àǹkárá lọ. Nínú, àpò àgbékọ́ ni Àlíhájà gbé kọ́ èjìká lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, ó fi fóònù sínú rẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ọrùn bùbú kò mira. Ó yọ fóònù, ó tún un fi sí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ọmọdé tó rí ìlẹ̀kùn tuntun.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Apple àti ilé iṣẹ́ Issey Miyake ti Japan gbé àpò híhun kan jáde tí wọ́n ń fi gbé fóònù kọ́ ara. Kékeré rẹ̀ jẹ́ dọ́là 149.95 nígbà tó jáde. Ó rẹwà, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí àwòrán rẹ̀, àwọn ìyá ọjà Ọwọ́dé ni ó wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú àpò ìdí tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí lórí ìró: síìpù kan fún owó ńlá, síìpù kan fún ṣéńjì, àti ojúlé tóóró kan níwájú tó ní bọ́tìnnì, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá wọn ń ná ọjà. Fóònù ni ojúlé yẹn wà fún. Aránṣọ tó kọ́kọ́ fi kún un kò fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá kúrò ní ọjà náà lọ sí ẹnubodè Federal Polytechnic Ọ̀fà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, ẹ óò rí ìpele kejì ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Báàgì tí wọ́n ń gbé pọ̀n kì í ṣe ti ìwé mọ́. Láptọ́ọ̀pù ló wà nínú rẹ̀, àti ṣájà, àti páwà báǹkì, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná yóò dé. Ẹni tó ń ra báàgì òkìríkà kì í wo àwọ̀ kó tó wo inú: ó ń ki ọwọ́ sí i láti mọ̀ bóyá fóòmù wà lẹ́yìn, bóyá ihò wáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣúméékà kan jókòó sábẹ́ agboòrùn níbẹ̀, bàtà ni ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún, okùn báàgì ló ń fi jẹun báyìí. Gbogbo báàgì tí mo rí níwájú rẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n ti já: ibi tí okùn èjìká ti pàdé ara báàgì lókè. Kì í rán an padà bí ó ṣe wà. Ó gé awọ pélébé kan, ó ki í sí inú, ó sì fi abẹ́rẹ́ onígi àti òwú tó ti fi ìda pa rán igun mẹ́rin yí okùn náà ká, ó wá fi ìrán méjì dábùú rẹ̀ láti igun dé igun. Bí ẹrù bá fà á, kò ní rí ojú kan ṣoṣo tí yóò já. Kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ó fi báàgì náà kọ́ ìka kan, ó gbé e sókè pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó tó gba owó.

Ìdánwò tèmi kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ gba aṣọ ẹbí, bàbá télọ̀ ní kí n wọ̀ ọ́, kí n fi fóònù sápò. Ó ní kí n gun bẹ́ǹṣì bí ẹni gun ọ̀kadà. Mo gùn ún. Ó gbá bẹ́ǹṣì náà nídìí pẹ̀lú ẹsẹ̀, mo mì, fóònù kò kúrò. Ó ní kí n tẹ̀ bí ẹni wà lórí ìrun, kí n forí kanlẹ̀. Kò bọ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ aṣọ kan síbẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú. Ẹ dọ̀bálẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́nú. N kò mọ fóònù lára. Bàbá télọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí mo dìde. Bí àpò bá sùn sẹ́yìn, fóònù á yọ́ jáde lórí ọ̀kadà. Ìdí nìyẹn tó fi dẹ ìdí àpò síwájú, kó lè dùbúlẹ̀ lórí itan nígbà tí mo bá jókòó. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn síwájú jù, ọkùnrin tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ lé bíríkì lórí, á sì fajú ro. “Ẹ óò gun ọ̀kadà, ẹ óò sì kí àna. Àárín méjèèjì ni àpò yìí ń gbé.” Ó fi ìka méjì hàn mí bí àárín náà ṣe fẹ̀ tó.

Mo sanwó. Kó tó ká ṣòkòtò náà sínú ọ̀rá, ó yí i sódì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ìdí àpò hàn mí. Lókè ìdí róbótó yẹn, ó ti ká nǹkan bí íńṣì kan àbọ̀ aṣọ pọ̀, ó sì fi ìrán fífẹ̀ tí a lè fi ìka tú dè é, bí télọ̀ ṣe ń ká ìṣẹ́tí aṣọ ilé ìwé ọmọ tí kò tíì dẹ́kun gíga.

“Ti fóònù tí ẹ óò rà tẹ̀lé èyí nìyẹn,” ó ní. “Ẹ mú un wá nígbà tí ẹ bá rà á. Mo ti sọ fún un pé kó dúró dè é.”